Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Wagashi, Matcha àti Ẹ̀wà Inú Ilé Wa

Àròkọ kékeré tí a tẹ̀ jáde nípa wagashi, ìyẹn ìpápánu dídùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan, àti nípa matcha, tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń mu tẹ̀lé e, ti mú kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kọ̀wé sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Mo yan mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Àkọ́kọ́ ni mo fi àyè sílẹ̀ fún jù, nítorí pé orí ohun tí ó béèrè ni iṣẹ́ náà dúró lé.

Láti Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́: *Olóòtú wa ọ̀wọ́n, kéèkì àti ṣinṣín ni mo ń ṣe tà. Àwòrán wagashi tí wọ́n fi ọwọ́ mọ bí òdòdó wọ̀ mí lọ́kàn gidigidi, mo sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀wà azuki rà ní ọjà wa, kò sì sí olùkọ́ nítòsí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé òdòdó mímọ tì ná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀wà. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe inú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wagashi: wọn á sè é, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á fi ṣúgà rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Òun ni wọ́n ń pè ní an tàbí anko. Bí ọwọ́ ènìyàn ti wù kí ó mọ òdòdó tó, bí kò bá mọ an rò, ohun tí yóò gbé fún oníbàárà kò ní dùn lẹ́nu.

Ní ti azuki, ẹ má jẹ́ kí ó dá yín dúró. Azuki àti ẹ̀wà tiwa jẹ́ ọmọ ìyá nínú ẹbí ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vigna. Kódà, àwọn ará Japan ń jẹ irú ẹ̀wà tiwa, sasage ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pọ̀ ará Tokyo fi ń se ìrẹsì pupa ọjọ́ ayẹyẹ dípò azuki. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé èèpo azuki máa ń bẹ́ lórí iná, àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ sì ka ikùn tí ó bẹ́ sí àmì burúkú. Adùn ẹ̀wà tiwa kò ní jẹ́ ti azuki gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ kò yàtọ̀, ìlànà náà ni ẹ sì fẹ́ kọ́.

Ẹ wọn gíráàmù 250 ẹ̀wà funfun, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ bó o bí ẹ ṣe ń bó ẹ̀wà àkàrà. Ẹ rí i pé dúdú ojú rẹ̀ lọ tán, nítorí pé èyí tí ó bá ṣẹ́kù, bó ti wù kó kéré tó, yóò hàn nínú an funfun. Ẹ gbé e kaná. Nígbà tí ó bá hó dáadáa, ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, kí ẹ bu omi mìíràn sí i, nítorí omi àkọ́kọ́ ni ó ń gbé ìkorò àti òórùn ẹ̀wà tútù lọ. Ẹ má fi káún sí i, ó máa ń ba àwọ̀ àti adùn rẹ̀ jẹ́. Iná díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi sè é títí ẹyọ kan yóò fi fọ́ pẹ́ẹ́ láàrin àtàǹpàkò àti ìka yín tí ó kéré jù lọ, láìjẹ́ pé ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ṣúgà kò gbọ̀dọ̀ kàn án ṣáájú àkókò yìí: ẹ̀wà tí ṣúgà bá bá ní líle, líle ni yóò wà, bí ẹ tilẹ̀ dáná di alẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ an tí ó kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ̀wà náà sínú omi púpọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀, kí ẹ da omi ojú rẹ̀ nù, kí ẹ tún bu omi mìíràn sí i, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi ojú yóò fi mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sínú aṣọ funfun kí ẹ fún un. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìṣísẹ̀ wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a máa ń fi ògì sílẹ̀ kí ó kan, ṣùgbọ́n an kò gbọdọ̀ sun inú omi mọ́jú. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ rò ó.

Gíráàmù 200 ṣúgà tó fún ìwọ̀n ẹ̀wà yìí. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ máa dà á sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi ọmọrogùn rò ó kí ìdí rẹ̀ má baà jóná. Nígbà tí ẹ bá fa ọmọrogùn gba ìdí ìkòkò kọjá, tí ojú ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padé, ó ti tó. Ẹ fi iyọ̀ bíńtín sí i kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má dúró kí ó le lórí iná bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí nígbẹ̀yìn, nítorí pé bí ó bá ṣe ń tutù ni yóò máa le sí i. Ẹ bù ú ní òkìtì kéékèèké sórí àwo pẹrẹsẹ kí atẹ́gùn lè tètè kàn án.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi an yìí ṣe ni yokan, ìyẹn wagashi tí wọ́n fi an ṣe tí ó dì bíi jẹ́lì, nítorí pé ó bá ipò iná mànàmáná tiwa mu. Kanten ni ó ń mú un dì, ewéko inú òkun ni wọ́n sì fi ń ṣe kanten. Orúkọ tí àwọn tí ń tà á ní Èkó mọ̀ ọ́n sí ni agar. Ẹ da gíráàmù 4 ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú mílílítà 300 omi, kí ẹ máa rò ó, kí ó sì hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí ó lè yòrò tán. Ẹ fi gíráàmù 100 ṣúgà sí i, lẹ́yìn náà ẹ kó gíráàmù 500 an sínú rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ dà á sínú páànù. Kanten máa ń dì láìsí firíìjì nígbà tí ooru rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó bá sì ti dì, kò ní yọ́ mọ́ àfi tí ooru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti omi híhó. Oòrùn oṣù kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè rí i gbé ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba agar lọ́wọ́ ọmọ LAUTECH kankan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Agar yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń ní ohun mìíràn nínú tí kì í ṣe fún jíjẹ. Èyí tí a ṣe fún oúnjẹ ni kí ẹ rà.

Òdòdó tí ẹ rí nínú àwòrán, ó dájú pé nerikiri ni. An funfun ni, tí wọ́n po ìyẹ̀fun ìrẹsì alálẹ̀mọ́ díẹ̀ mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ṣúgà sè é. Ìrẹsì túwó kò lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó rọ̀ tó. Iṣẹ́ ọnà yìí níyì débi pé ní ọdún 2022, ìjọba Japan fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ogún àṣà tí wọ́n ń dáàbò bò. Ìgbà ọdún ni wọ́n ń fi í sọ: òdòdó sakura nígbà ìrúwé, kiku nígbà ìwọ́wé. Èmi kò rí ìdí tí ẹ̀yin ọmọ Ajílété kò fi ní mọ máńgòrò àti òdòdó kajú nígbà tiwọn. Ní ti olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ Tokyo Seika Gakko ní ẹ̀ka wagashi lọ́tọ̀, ìjọba wọn sì ní ìdánwò fún oníṣẹ́ náà; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mọ an rò dáadáa nílé ni yóò jẹ èrè irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Láti Under G, Ògbómọ̀ṣọ́: *Ẹ kú iṣẹ́, sà. Matcha tí mo rà korò, ó ń ṣe kókó, kò sì yọ ìfófó. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? N kò ní chasen tí wọ́n fi ń lù ú. Ṣé mo lè lo ìjábẹ̀? Kí ló dé tí ó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?*

Kí ẹ tó dá ọjà lẹ́bi, ẹ wo omi yín. Omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó máa ń fa ìkorò jáde nínú matcha. Ìwọ̀n 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fi ń wọn ooru, ẹ da omi híhó láti inú kẹ́tùrù sínú ife kan, kí ẹ tún dà á sínú ife mìíràn, nítorí pé ní dídà kọ̀ọ̀kan, ooru rẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí 10. Kókó ní tirẹ̀, asẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ jọ gíráàmù 2, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún gọ́bọ́, sínú abọ́ tí ó fẹ̀, ẹ bu nǹkan bí mílílítà 70 omi sí i, kí ẹ fi ọrùn ọwọ́ lù ú kíákíá, ní lílọ bíbọ̀. Ẹ má rò ó yípo bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, nítorí pé lílọ bíbọ̀ yẹn ni ó ń mú ìfófó jáde.

Ìjábẹ̀ kò ní ṣe é. Ẹyọ ọparun kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ chasen, wọn á la orí rẹ̀ sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí 80 tàbí 100, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ń tẹ̀ tí ẹ bá fi kan ìdí abọ́. Takayama ní ẹkùn Nara ni wọ́n ti lókìkí nínú iṣẹ́ náà. Ọwọ̀ ìjábẹ̀ nípọn, òórùn ewédú kì í sì í tán lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n fi ń lu mílíìkì sàn jù ú lọ.

Ó wọ́n nítorí pé iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ìkórè bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn àgbẹ̀ Uji àti Nishio ní ilẹ̀ Japan máa ń ta ìbòjì bo igi tíì, kí oòrùn má baà pa á. Èyí ni ó ń mú kí ewé náà tutù yọ̀yọ̀, kí ó sì dùn. Wọn á fi ooru omi sè é, wọn á sá a gbẹ nínú ààrò, wọn á yọ gbogbo iṣan àti igi rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó lọ ìyókù lórí ọlọ òkúta tí kì í lọ̀ ju nǹkan bí gíráàmù 40 lọ ní wákàtí kan. Bí ọlọ bá sáré, yóò gbóná, òórùn dídùn tíì náà yóò sì lọ. Bí ti inú agolo yín bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ ra kékeré, ẹ dé e pa, kí ẹ sì jẹ wagashi yín ṣáájú kí ẹ tó mu ún, nítorí adùn tí ó bá ti wà lẹ́nu ni ó ń jẹ́ kí ìkorò tíì náà gbádùn mọ́ni.

Láti Òwódé, Ọ̀yọ́: *Ẹnì kan tí ń ta matcha sọ fún mi pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ṣé òótọ́ ni?*

Rárá o, ẹ má fi rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún yín. Tíì ni matcha, ó sì ní kafíìnì púpọ̀ nítorí pé ewé rẹ̀ gan-an ni ẹ ń gbé mì. Kò dára fún ẹni tí oorun kì í tètè kùn. Ní ti wagashi, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, kò sì yẹ kí onítọ̀ ṣúgà jẹ ẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára agolo pẹ̀lú, kí wọ́n má baà ta ìyẹ̀fun mọ̀ríńgà fún yín ní owó matcha.

Láti Ọ̀yọ́: *Igbá fífín àti igi gbígbẹ́ ni iṣẹ́ mi. Mo gbọ́ pé igi ni wọ́n fi ń tẹ wagashi kan. Ṣé mo lè gbẹ́ ẹ?*

Ẹ lè gbẹ́ ẹ, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Kashigata ni wọ́n ń pe igi náà, igi sakura líle ni wọ́n sì máa ń lò jù. Rakugan ni wọ́n ń fi í tẹ̀: ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì sá gbẹ, pẹ̀lú ṣúgà kíkúnná, tí wọ́n fi omi bíńtín wọ́n. Omi inú irú wagashi gbígbẹ yìí kì í ju ìdá 10 nínú 100 lọ, nígbà tí ti àwọn tútù bíi nerikiri máa ń tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí rakugan fi ń pẹ́ nílẹ̀, tí ó sì yẹ ẹni tí ó fẹ́ tajà láìsí firíìjì.

Òdìkejì ni kí ẹ gbẹ́ àwòrán náà: ọ̀tún di òsì, ibi tí yóò yọ síta di kòtò. Ẹ jẹ́ kí ẹnu kòtò fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ kí ohun tí a tẹ̀ lè jáde láìfọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ ní pátákó méjì: ti ìsàlẹ̀ ni àwòrán wà, ti òkè ní ihò tí ó bá a dọ́gba, tí ó ń fún un ní ìnípọn, ẹ ó gbé ti òkè kúrò kí ẹ tó da ti ìsàlẹ̀ délẹ̀. Igi tí a ti mọ̀ mọ́ oúnjẹ ni kí ẹ lò, irú èyí tí a fi ń gbẹ́ odó àti ọmọrogùn, kí ó gbẹ dénú, kí ó má lóòórùn. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà tàbí fánísì. Lẹ́yìn iṣẹ́, burọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún, kí wọ́n sì sá a sí ibòji.