Kí ló dé tí ẹnìkan fi ń ríran, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í rí?

Arábìnrin kan láti Iléṣà ló béèrè. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà, wọ́n jọ ń gbààwẹ̀, wọ́n jọ ń ṣọ́ òru. Àbúrò ń ríran, ẹ̀mí ń gbé e. Ẹ̀gbọ́n kò rí nǹkan kan rí. Àwọn kan nínú ilé ní orí àbúrò ló fẹ́ dàrú, àwọn kan nínú ìjọ sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni kò jẹ́ kó rí. Ó wá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ojú inú, àti irú ẹni tó ń ní in.

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kan ẹ̀yin méjèèjì kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ojú inú ni agbára tí ọkàn ní láti wọnú nǹkan lọ débi pé ohun tó wà níta yóò pòórá. Láti kékeré lẹ ti máa rí i. Ẹ wo ọmọ méjì tó jókòó ti ìyá àgbà níbi àlọ́. Ìjàpá ń gun ọ̀pẹ, ọ̀kan nínú wọn ń bá a gùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ń di imọ̀ ọ̀pẹ mú lófuurufú. Wọ́n pè é wá jẹun títí, kò gbọ́. Èkejì ń gbe orin àlọ́ dáadáa, ó lè tún un pa lọ́la láì fo ibì kan, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ló ti dìde. Àwọn méjèèjì ló gbọ́n, àwọn méjèèjì ló gbádùn àlọ́. Ọkàn wọn kò rí bákan náà ni.

Ìwà ọmọ àkọ́kọ́ yìí ni Auke Tellegen àti Gilbert Atkinson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pè ní absorption ní 1974. Ìbéèrè 34 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ṣé orin máa ń gbé ọ lọ tí o kò fi mọ ohun tó ń lọ mọ́? Ṣé o lè rántí nǹkan àná bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀? Kò sí èyí tó béèrè bóyá o mọ́, tàbí bóyá o ń gbàdúrà. Nígbà tí Tellegen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ìbejì ní 1988, àwọn tí wọ́n tọ́ pa pọ̀ àti àwọn tí wọ́n tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àbímọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àbímọ́ nìkan kọ́. Ní 2021, Tanya Luhrmann, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó lé ní 2,000 ní Amẹ́ríkà, Gánà, Ṣáínà, Thailand àti Vanuatu. Àwọn tí ọkàn wọn tètè ń wọnú nǹkan ló máa ń sọ jù pé àwọn gbọ́ ohùn tàbí pé àwọn mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀mí kan wà níbẹ̀. Ohun kejì tó tún kà ni bóyá èèyàn gbà pé ọkàn ní ilẹ̀kùn, pé ohun tó wà níta lè wọlé, tí èrò inú náà sì lè jáde lọ ṣiṣẹ́. Àwa ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "ara mi sọ fún mi" tàbí "orí mi ló kọ̀ ọ́" kò rò pé òun sọ ohun ìyanu.

Ìlú yín gan-an ní ìtàn tó ṣe pàtàkì lórí èyí. Ní oṣù kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bí Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi (CAC) ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rọ náà dákú, ó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é. Nígbà tó délé sí Odò-Ọwá pẹ̀lú eérú lára àti imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ní ó ti ya wèrè. Ní oṣù keje 1930, èrò ya bo Òkè-Oòyè ní Iléṣà nítorí ọkùnrin kan náà. Ohun tó ní kò yí padà. Àwọn tó gbà á ló yàtọ̀. Mo gbà pé ìdajì iṣẹ́ ìran wà lọ́wọ́ àwọn tó yí aríran ká.

Àwọn tó dá àṣà ẹlẹ́gùn sílẹ̀ mọ èyí dáadáa. Òrìṣà kì í sábà ṣàdédé gun ẹni tí wọn kò tíì ṣe ètùtù fún. Ó ní ọjọ́ rẹ̀, ó ní ìlù rẹ̀. Bó bá sì gun ẹlẹ́gùn, àwọn kan ti wà nítòsí tí yóò bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí yóò ṣí fìlà, tí wọn kò ní jẹ́ kó ṣubú, títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ní ìjọ yín náà, ẹnìkan á tún aṣọ ẹlẹ́mìí ṣe, ẹnìkan á mú bírò àti ìwé kọ ohun tó ń sọ, àgbà á sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí Bíbélì ní ká dán àwọn ẹ̀mí wò. Ibi tí kò bá ti sí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní ti àìsàn, ẹ máa wo ohun tó ń tẹ̀lé ìran. William James, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1902 pé irú nǹkan báyìí kì í pẹ́ kó tó kọjá. Bí àbúrò yín bá padà sídìí ọjà rẹ̀, tó ń sùn, tó ń dá àwọn èèyàn mọ̀, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tí ohùn náà ń bú u tàbí tó ń pàṣẹ ibi fún un, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Ifẹ̀. Ẹ má dúró de ìṣọ́ òru kankan.

Nípa ti ẹ̀yin fúnra yín, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣeé kọ́. Luhrmann ní kí àwọn Kristẹni kan máa fi ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ gbàdúrà pẹ̀lú ojú inú fún oṣù kan, kí àwọn mìíràn kàn máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí Ìhìnrere. Àwọn tó lo ojú inú ló sọ jù pé ohun tí àwọn ń rò ń hàn kedere, Ọlọ́run sì dà bí ẹni tó wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ mú Sáàmù 23, kẹ́ ẹ má kàn kà á lórí. Ẹ dúró síbi omi dídákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, ẹ wo bó ṣe jìn tó, ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù, kẹ́ ẹ tó kọjá sí ẹsẹ tó kàn.