Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ká Ṣọdún Láì Jẹ Àjẹkì

Lẹ́tà lórí oúnjẹ ọdún pọ̀ lọ́dọ̀ wa. A mú mẹ́rin tó wá láti Àbújá àti Òkè Ọya, nítorí ohun tí wọ́n béèrè ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí Iléyá bá ti dé, kúlà oúnjẹ á máa wọlé láti ilé mẹ́rin, márùn-ún: másà, tùwó, ìrẹsì, ẹran lóríṣiríṣi. Mi ò lè dá kúlà aládùúgbò padà. Nítorí náà, mi ò kì í fi nǹkan kan sẹ́nu títí di ọ̀sán, kí àyè lè wà. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, màá ti jẹ débi tí mi ò lè mí dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, inú mi á bàjẹ́, màá wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti fi san án. Ọdọọdún ni. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kubwa

Ìdáhùn: Ìyá wa, ebi tí ẹ ń fà dọ̀sán yẹn ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe kúlà aládùúgbò. Ẹni tí ebi ti pa láti àárọ̀ kì í jẹ oúnjẹ lẹ́nu, gbígbé ló ń gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ikùn tó jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé òun ti yó. Kí ìṣẹ́jú 20 náà tó pé, abọ́ kejì ti wọlé.

Òótọ́ ni pé sunnah, ìyẹn ìṣe Ànábì, ni kéèyàn má jẹun lọ́jọ́ Iléyá títí yóò fi kírun tán ní yídì. Ìyẹn kò le, nítorí òwúrọ̀ ni wọ́n ń kí i. Fífà á di agogo 3 ọ̀sán nítorí oúnjẹ tó ń bọ̀ ni kò dáa. Bí ẹ bá ti dé láti yídì, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín kan tàbí ẹyin bíbọ̀ 2, kí ẹ sì mu omi. Ẹ̀wà àti ẹyin máa ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì àti tíì lọ.

Ní ti kúlà, gbígbà yàtọ̀ sí jíjẹ. Ẹ ṣí i lójú ọmọ tó gbé e wá, ẹ dúpẹ́, ẹ bù ú sínú abọ́ tiyín, ẹ fọ kúlà náà, kí ẹ sì bu tiyín sí i padà. Kò sẹ́ni tí yóò wá bi yín pé másà mélòó lẹ jẹ. Èyí tí kò bá wù yín lọ́jọ́ náà, inú fíríìjì ló ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí jẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an, ẹ yan oúnjẹ 2 tí ẹ kì í rí lójoojúmọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù kò lọ síbì kan, ẹ lè sè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ Hausa tí wọ́n ń pè ní miyan taushe, tí aládùúgbò fi elégédé, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ sè, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sè ló sè é, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ gbádùn rẹ̀. Ìdajì àwo, kó jẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí sàláàdì tí kírímù kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹran. Ìdá kan tó kù, tùwó tó tó ìkúùkù yín, tàbí másà 3. Ẹ jókòó jẹ ẹ́. Ẹran tí à ń mú lẹ́yọlẹ́yọ nínú agbada bá a ṣe ń kọjá ní kíṣìnì ni kì í hàn síni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pọ̀ jù. Tí àwo bá ti ṣófo, ẹ dúró ìṣẹ́jú 20. Tí ebi bá ṣì ń pa yín, ẹ bu ìdajì ìgbákọ sí i.

Ẹ̀bi tí ẹ ń dá ara yín lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Kí ara tó lè tọ́jú ọ̀rá kílò kan, oúnjẹ àfikún tó ń lọ bí kálórì 7,700 ni yóò wọlé, yàtọ̀ sí èyí tí ara ń lò. Kò rọrùn láti jẹ ìyẹn lọ́jọ́ kan. Tí òṣùwọ̀n bá fi kílò kan hàn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi tí iyọ̀ dá dúró sára àti oúnjẹ tó ṣì wà nínú ìfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ti ààwẹ̀ yẹn, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹ gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé Iléyá: ọjọ́ jíjẹ àti mímu ni wọ́n. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ààwẹ̀ tí ẹ bá fi san gbèsè ìrẹsì, ebi tuntun ló ń bí, ebi yẹn ló sì ń tì yín padà sídìí agbada.

Ìbéèrè: Kérésìmesì tó kọjá, mo dín òróró jọ̀lọ́ọ̀fù kù. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ata rẹ̀ sì ń kan. Àwọn ará ilé ní kí n má dán an wò mọ́. Ṣé kò sí ọgbọ́n míì? — Ìyàwó ilé, Kaduna

Ìdáhùn: Ọgbọ́n wà. Omi inú tòmátò ni kí ẹ kọ́kọ́ lé lọ. Ata lílọ̀ tó lómi, tí ẹ bá dà á sínú òróró díẹ̀, kò ní dín, ṣe ni yóò máa hó lásán. Ìdí nìyẹn tó fi kan. Nígbà tí kò bá dín, ọwọ́ á tún lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì òróró.

Fún ìrẹsì kílò kan, ẹ lọ tòmátò, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, ẹ gbé e kaná láìfi òróró kankan sí i, kí ẹ má dé e. Ẹ máa rò ó títí yóò fi gbẹ, tí yóò dúró lórí ìgbákọ láìṣàn. Ẹ wá gbé síbí ìjẹun 8 òróró kaná nínú ìkòkò míì, ẹ dín àlùbọ́sà, ẹ dín tòmátò alágolo fún ìṣẹ́jú 5 kí kíkan rẹ̀ lè lọ, kí ẹ tó da ata gbígbẹ náà sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 lórí iná kékeré, ẹ ó rí i tí òróró yóò yọ sójú. Ó tó. Síbí ìjẹun òróró kan jẹ́ nǹkan bí kálórì 120, ẹ lè wá ṣírò ohun tí ẹ ń dà sí i nígbà tí ẹ bá fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ se ẹran lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ gbé omi rẹ̀ sínú fíríìjì. Lówùúrọ̀, ọ̀rá á ti dì sójú rẹ̀, funfun, ó nípọn. Ẹ ti ṣíbí bọ abẹ́ rẹ̀, á ṣí kúrò lódindi bí ìdérí. Adùn ẹran ṣì wà nínú omi tó kù.

Lílẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kò kan òróró, iná ló pọ̀ jù. Ẹ fi fọ́ìlì bo ojú ìrẹsì, ẹ dé e pa, ẹ dín iná kù, ẹ má sì máa rò ó.

Ìbéèrè: Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣọdún tuntun lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé oúnjẹ ọdún síwájú wọn. — Ọmọ wọn ọkùnrin, Lugbe

Ìdáhùn: Ẹ má bu oúnjẹ tiwọn sọ́tọ̀ bí oúnjẹ aláìsàn. Ẹ dín iyọ̀ gbogbo ìkòkò kù, kí gbogbo ilé jọ jẹ ẹ́. Gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn síbí tíì kan, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá. Iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú mágí. Ẹni tó bá ti fi mágí sí omi ẹran, tó tún fi sí ata, tó tún bu iyọ̀ lé e, lè ti kọjá ìwọ̀n yẹn kó tó bu oúnjẹ. Kílíṣí ńkọ́? Ẹran gbígbẹ ni, iyọ̀ rẹ̀ ti kó jọ. Ẹ já ẹyọ kékeré kan fún wọn.

Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, kí ìrẹsì wá kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kì í fò sókè lójijì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bá wọn rìn fún ìṣẹ́jú 15 ní àdúgbò. Ẹ se zobo tí kò ní ṣúgà, kí ẹ fi ata ilẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó sè é. Ní ti mínírà, ẹ ka ara ìgò: tí ó bá ní gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50cl (mílílítà 500) ní gíráàmù 50, nǹkan bí síbí tíì 12.

Èyí ṣe pàtàkì: wọn kò gbọ́dọ̀ fo oogun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ lo insulin (abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà) tàbí oogun ṣúgà kí wọ́n wá máa dúró de oúnjẹ tó ń pẹ́. Tí wọ́n bá ń làágùn, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Mínírà tí ẹ ń sá fún yẹn gan-an ni kí ẹ fún wọn, mílílítà 150, kí ẹ sì wá oúnjẹ fún wọn kíákíá. Tí kò bá lọ, tàbí tí wọn kò lè gbé nǹkan mì, ilé ìwòsàn ni.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mélòó ni a lè fi jẹ oúnjẹ ọdún tó ṣẹ́kù? Ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná. — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Mararaba

Ìdáhùn: Kó tó wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹ sè é tán, kí ó ti wà nínú fíríìjì, nínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù. Tí ooru bá mú gan-an, wákàtí kan ni. Ọbẹ̀ àti ẹran, ọjọ́ 3. Ìrẹsì, ọjọ́ kan. Ìrẹsì tó sùn síta mọ́jú, ẹ má tún un gbé kaná: kòkòrò kan máa ń tu májèlé sínú rẹ̀ tí iná kì í pa. Tí iná bá lọ, fíríìjì tí a kò ṣí lè mú oúnjẹ tutù fún wákàtí 4. Fírísà tó kún lè dì mọ́ra tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, 24. Nítorí náà, ẹ di ẹran ọdún sínú láílọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kó tó dì. Ẹni tó bá dì í pọ̀ ní òkìtì kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ́ nítorí ọbẹ̀ kan ṣoṣo.