Kẹ́ ẹ tó gbé ẹjọ́ gbèsè fún lọ́yà ìpínlẹ̀ míì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní oníbàárà yín ní Houston ń kó gàrí àti epo fún àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa káàkiri, ọ̀kan ní Atlanta ò sanwó mọ́, ọ̀kan ní Maryland sì ti lọ fáìlì bankruptcy, ìyẹn ni pé ó ti wọ kóòtù pé òun ò lè san gbèsè mọ́, ẹ wá ń béèrè dírẹ́kítọ́rì, ìyẹn ìwé orúkọ lọ́yà, tẹ́ ẹ lè gbára lé láti fi wá lọ́yà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà wa nìyẹn, fífi fáìlì ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ míì, ojú mi sì ti rí nǹkan nídìí ẹ̀. Ẹjọ́ méjì lẹ gbé wá o, ibi tí wọ́n ti ń wá lọ́yà fún wọn ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Atlanta ná. Ẹ má wulẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ sí Google kẹ́ ẹ mú ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, owó ìpolówó ló gbé e débẹ̀, àwọn míì níbẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ọ́fíìsì lọ́yà, ṣe ni wọ́n máa ta orúkọ àti fóònù yín fún ẹlòmíì. Ohun tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò ni ìwé orúkọ àwọn lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ gbèsè, tí wọ́n ń pè ní law list, bíi General Bar tàbí American Lawyers Quarterly. Irú ìwé báyìí ti wà tipẹ́, torí 1868 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martindale ti gbé tiẹ̀ jáde kí oníṣòwò àti báńkì lè mọ lọ́yà tó ṣeé fọkàn tán nílùú tí wọn ò dé rí, nígbà tó sì di 1895 àwọn lọ́yà tó ń gba gbèsè kóra jọ ní Detroit, wọ́n dá Commercial Law League of America sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà dòní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ṣeé wá.

Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé yẹn kọ́ ló ń mú mi lò ó. Bọ́ǹdù ni. Ọ̀pọ̀ law list ló ní bọ́ǹdù tàbí ìnṣọ́ránsì tó máa san owó padà tí lọ́yà tẹ́ ẹ rán níṣẹ́ bá gbowó lọ́wọ́ onígbèsè tó sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ rántí pé àkáǹtì lọ́yà ọ̀hún lowó ń kọ́kọ́ wọ̀, òun ló máa yọ tiẹ̀ kó tó fi tiyín ránṣẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. A fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, a kọ lẹ́tà, a pè, wọ́n á ní onígbèsè ṣì ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀ ní kóòtù, àfìgbà tí onígbèsè fúnra ẹ̀ fi ìbínú pe oníbàárà wa pé kí ló dé tí wọn ò tíì fún òun níwèé pé òun ti san tán, ló bá ya fọ́tò ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì ti san, ó fi ránṣẹ́. Owó ti wọlé tipẹ́! Ohun tó yọ wá ni pé lẹ́tà àkọ́kọ́ tá a kọ sí lọ́yà yẹn dárúkọ law list tá a ti rí i. Bá a ṣe pe àwọn tó ń tẹ ìwé náà, lẹ́tà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀, kò pẹ́ lowó jáde, a ò tiẹ̀ dé ìdí bọ́ǹdù mọ́, torí tí wọ́n bá fi lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé, gbogbo iṣẹ́ tó ń wọlé fún un láti ìpínlẹ̀ míì ti bọ́ nìyẹn. Torí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín pé inú ìwé báyìí, ti ọdún báyìí, lẹ ti rí i. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí bọ́ǹdù má kàn yín. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n níye tí bọ́ǹdù wọn lè san lórí ẹjọ́ kan, kò dọ́gba.

Kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sí ìkànnì State Bar of Georgia, ìyẹn ẹgbẹ́ lọ́yà ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wò ó bóyá láìsẹ́ńsì ẹni náà ṣì dúró àti bóyá wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ rí. Ẹ tún wo káúǹtì, bí ìjọba ìbílẹ̀ ló rí. "Atlanta" tí wọ́n kọ sórí ínfọ́ìsì lè jẹ́ Fulton, ó lè jẹ́ DeKalb, káúǹtì tí onígbèsè wà ni wọ́n sì sábà máa ń pè é lẹ́jọ́ sí ní Georgia. Tí owó náà ò bá ju $15,000 lọ, Magistrate Court, ìyẹn kóòtù kékeré ibẹ̀, lè gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì máa ń yá, ẹ bi lọ́yà náà bóyá ó máa ń lọ síbẹ̀. Lọ́yà tó bá gba ẹjọ́ láì béèrè káúǹtì, èmi kì í gbé e fún un.

Lórí owó, àṣà àtijọ́ ni pé ẹni tó fi ẹjọ́ ránṣẹ́ máa mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́, ẹni tó ṣe é á mú ìdá méjì. Ṣùgbọ́n Texas lẹ wà o, Rule 1.04 nínú òfin ìwà lọ́yà tibẹ̀ ò gbà kẹ́ ẹ gba kọ́bọ̀ torí pé ẹ júwe èèyàn lásán, àfi kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ tó bá iye tẹ́ ẹ gbà mu tàbí kẹ́ ẹ jọ dáhùn fún ẹjọ́ náà, kí oníbàárà sì ti fọwọ́ síwèé ṣáájú, kó mọ lọ́yà kejì àti bí owó ṣe máa pín.

Ti Maryland wá. Níbẹ̀ yẹn, ọjọ́ ló ń lé yín, lọ́yà lè dúró díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà yín kó jáwọ́ nínú ìpè àti tẹ́ẹ̀sì lónìí yìí, kò sí pé à ń ṣe òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tó ti fáìlì, òfin ti dá gbogbo gbígba gbèsè dúró láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu lè padà wá sanwó fún ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sórí PACER, ìkànnì tí wọ́n ti ń rí ìwé ẹjọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀, sẹ́ǹtì 10 lojú ìwé kan, ìwé kan kì í sábà ju $3 lọ, tí ohun tẹ́ ẹ lò láàárín oṣù mẹ́ta ò bá sì ju $30 lọ wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹ wo Chapter tó fáìlì, ìyẹn abala òfin bankruptcy tó gbé ẹjọ́ ẹ̀ gbà. Tó bá jẹ́ Chapter 13, ìyẹn tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló fáìlì fúnra ẹ̀, ọjọ́ 70 péré lẹ ní látọjọ́ tó fáìlì láti fi proof of claim sílẹ̀, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ó jẹ yín lówó. Chapter 7, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú nótíìsì pé kẹ́ ẹ má tíì fi nǹkan kan sílẹ̀ títí trustee, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó dúkìá onígbèsè, á fi rí dúkìá. Chapter 11, kóòtù ló ń dá ọjọ́. Fọ́ọ̀mù 410 ni proof of claim yẹn, oníbàárà yín lè kọ ọ́ fúnra ẹ̀, kò nílò lọ́yà Maryland kankan fún ìyẹn.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń pàdánù owó rèé: ọjà tí ṣọ́ọ̀bù náà gbà láàárín ọjọ́ 20 ṣáájú kó tó fáìlì, owó ìyẹn wà níwájú ti ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, section 503(b)(9) òfin bankruptcy ló sọ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ wá ínfọ́ìsì àti ìwé tí wọ́n fi gba ọjà. Tí kọ́ńpìnnì ló fáìlì, tí ẹnì kan sì ṣe onídùúró fún gbèsè náà, onídùúró yẹn ò sí lábẹ́ ààbò àyàfi tóun náà bá fáìlì, ẹjọ́ tiẹ̀ padà di ti law list tí mo sọ lókè.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa nílò lọ́yà Maryland lóòótọ́ ni ìgbà tí trustee bá kọ̀wé pé kí oníbàárà yín dá owó tí ṣọ́ọ̀bù náà san fún un láàárín ọjọ́ 90 ṣáájú kó tó fáìlì padà. Ẹ má sanwó, ẹ má sì dákẹ́. Ẹni tí American Board of Certification fún ní ìwé ẹ̀rí lórí creditors' rights, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó, tàbí business bankruptcy ni kẹ́ ẹ wá. NACBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà bankruptcy kan, dáa, àmọ́ àwọn onígbèsè lọ́yà ibẹ̀ máa ń gbèjà.

Ẹ ò sọ Chapter tó fáìlì, ẹ ò sì sọ bóyá ẹnikẹ́ni ṣe onídùúró. Ẹ fi ìyẹn sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọjà gbẹ̀yìn.