Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Kí N Dá Kọ̀ǹpútà Mi Padà Sí Windows Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀dọ̀gùnyàn, ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tí mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ni mo ń lò. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe sọ èyí tó tóbi nínú wọn, tó jẹ́ tòkunbọ̀, di Windows 11, nítorí ó ní Windows 10 ti kú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ náà ti ń rìn bí ìgbín. Bí mo bá tàn án ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó máa ń tó ìdajì wákàtí kí n tó lè tẹ ìwé kan ṣoṣo jáde, skánà mi kò sì bá a ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Àwọn oníbàárà mi ti ń yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun lè dá a padà sí Windows 10, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní kí n kúkú jẹ́ kó fi Windows 7 sí i, pé ìyẹn ni kì í yọni lẹ́nu. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, háàdì dísíìkì rẹ̀ sì jẹ́ 500GB. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ọ̀dọ̀gùnyàn, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo ti tẹ̀ yín láago, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró de ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí yóò jáde. Ọjọ́ 10 péré ni Windows 11 fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí Windows 10 láìpàdánù fáìlì, mẹ́fà sì ti lọ nínú rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí a jọ sọ lórí fóònù ni mo tún kọ síbí pẹ̀lú àfikún díẹ̀, nítorí àwọn òǹkàwé mìíràn tí irú wàhálà yìí bá.

Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe fi Windows 7 sí ẹ̀rọ náà, ẹni yòówù kó gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ lè padà sí Windows 10 bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó padà síbikíbi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa ẹ̀rọ yín sẹ́yìn gan-an, nítorí bí kì í bá ṣe Windows ló jẹ̀bi, ẹ ó padà tán, ìlọ́ra náà yóò sì tún bá yín níbẹ̀.

Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ bá rí sí etígbọ̀ọ́ mi. Ẹ ní lábẹ́ CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, iye tó wà níbẹ̀ kò tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n lábẹ́ Disk, ìyẹn háàdì dísíìkì, 100 ni, kò sì sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ti fi ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ hàn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà jókòó láìríṣẹ́ ṣe, ó ń dúró de háàdì dísíìkì. Irú háàdì dísíìkì yín jẹ́ àwo tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìgbà 5,400 ni àwo náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a bá béèrè. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni ó ń kà, kò burú. Ṣùgbọ́n Windows tuntun kì í béèrè ohun kan ṣoṣo: bí ẹ ṣe ń tàn án ni ó ń yẹ fáìlì wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí gbogbo ìwé yín wà, tí ó sì ń gba àtúnṣe wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí apá kan ṣoṣo ló wà láti dá gbogbo wọn lóhùn. SSD, irú ibi ìkó-fáìlì-pamọ́ tuntun tí wọ́n ń fi rọ́pò háàdì dísíìkì, kò ní àwo, kò sì ní apá. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi ń jẹ́ kí iṣẹ́ tò sẹ́yìn ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa tí à ń gbé níbi tí iná kì í ti í dúró fi ọkàn sí. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú ìyípadà yìí, iṣẹ́ abẹ́nú tí mo kà sílẹ̀ yẹn máa ń pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, lẹ́yìn náà ni yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé bí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa ń pa ẹ̀rọ, ẹ sì máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ náà kì í wá parí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni ó tún ń dìde, ní wákàtí tí oníbàárà pọ̀ jù lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé ní alẹ́ tí iná bá wà, kí ẹ so ó mọ́ iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní títàn di ọjọ́ kejì. Kò ní sọ háàdì dísíìkì di SSD, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ojúlówó ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ ra SSD, kí ẹ sì sọ RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, di 8GB. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ni ìwọ̀n tó kéré jù tí Windows 11 béèrè fún, kò fi àyè gidi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣí ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún papọ̀ bíi tiyín. Ọ̀dọ́kùnrin yín lè da gbogbo ohun tó wà lórí háàdì dísíìkì kọ sórí SSD náà bí ó ṣe wà, tí ohun tí ẹ ti kó pamọ́ kò bá ti ju àyè rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti rà á, ẹ mú un dání, kí ó yẹ ojú ibi tí SSD yóò wọ̀ wò kí ẹ tó sanwó, nítorí oríṣi rẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

Ní ti skánà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìlọ́ra. Skánà kọ̀ọ̀kan ní ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver, tó ń jẹ́ kí òun àti kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ lọ sí orí ìkànnì àwọn tó ṣe skánà náà, kí ẹ gba èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 10 oní-64-bit. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11 pẹ̀lú. Bí ó bá kọ̀, ẹ so skánà náà mọ́ kọ̀ǹpútà yín kejì tó ṣì wà lórí Windows 10. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ tìtorí skánà kan ṣoṣo yí gbogbo ẹ̀rọ padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ pípadà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin yín ṣe ní ọjọ́ náà gan-an ni pé kí ó fi àṣẹ yìí, dism /online /set-osuninstallwindow /value:60, sọ ọjọ́ 10 yẹn di 60, èyí tí ó ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ 10 náà kò bá tíì pé. Mo fẹ́ kí ẹ ní àyè láti dán SSD wò kí ẹ tó pinnu. Ẹni tí ìdè ọjọ́ bá ń lé kì í rójú yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa. Fódà kan wà lórí ẹ̀rọ yín tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Windows.old. Inú rẹ̀ ni Windows 10 yín wà. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò pa á rẹ́ nítorí pé ó gba àyè. Èmi fúnra mi ti pàdánù ọ̀nà àbọ̀ báyìí rí, nígbà tí ẹnìkan tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ gbá fódà náà dànù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi tún gbogbo nǹkan tò.

Bí ẹ bá wá pinnu láti padà, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ System, kí ẹ wọ Recovery, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Go back. Fáìlì yín kò ní lọ, ṣùgbọ́n àpù tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn yóò lọ, ẹ ó sì nílò páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín sórí háàdì dísíìkì mìíràn, kí ẹ sì rí i pé ínfátà kún tàbí pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, nítorí bí iná bá lọ ní agbedeméjì iṣẹ́ náà, tí bátìrì tòkunbọ̀ kò sì gbé e ró, ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti tàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ẹ ń padà sí. Windows 10, tó jáde ní ọjọ́ 29 Oṣù Keje ọdún 2015, kò kú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Windows, kò bá gbogbo ènìyàn dí ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Wọ́n ṣètò kan fún àwọn tó ń lò ó nílé, tó ń mú àtúnṣe ààbò náà tẹ̀ síwájú títí di ọjọ́ 13 Oṣù Kẹwàá ọdún 2026, yálà kí ènìyàn san 30 dọ́là, tàbí kí ó gbà kí ẹ̀dà àtòjọ Settings rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn, tàbí kí ó lo 1,000 nínú ojúàmì tí wọ́n fi ń dá oníbàárà lọ́lá. Nítorí náà, ibi ìsinmi ni Windows 10 jẹ́ fún yín, kì í ṣe ibùgbé.

Windows 7 ńkọ́? Mi ò ní sẹ́ pé ó fúyẹ́, àbúrò yín kò sì parọ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 2009 ni ó jáde, ọjọ́ 14 Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì dópin. Chrome tí a fi ń wọ orí ìkànnì pàápàá ti kẹ̀yìn sí i: ẹ̀dà 109 ni ó gbẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí irú àwọn ìkànnì tó ń béèrè fún Chrome tuntun ni ẹ ti ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Bírítéènì. Windows 7 ni ó wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó bà jẹ́. Àtúnṣe tó lè dá a dúró sì ti jáde láti Oṣù Kẹta ọdún kan náà. Àwọn tí kò gbà á ni ó mú. Ẹni tó bá fi Windows 7 sí ẹ̀rọ lónìí ti yàn láti wà láàárín àwọn tí kò ní rí àtúnṣe gbà.

Bó bá jẹ́ pé fíìmù nìkan ni ẹ fi ń wò, ohùn mi ì bá má le tó báyìí. Nọ́ńbà NIN àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ìwé ẹ̀rí wọn àti fọ́tò wọn ló wà lórí ẹ̀rọ yín. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2023, sì ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ṣọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ìyá wa. Ẹ ra SSD náà.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ìgbógbó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti wà lórí Windows 11. Kò lọ́ra, kò sì bà jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá mi lára mu, pàápàá bí wọ́n ṣe gbé bọ́tìnnì Start lọ sí àárín. Ṣé mo ṣì lè padà?

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà tó rọrùn ti dí, nítorí Windows.old yín ti lọ. Ohun tó kù ni kí ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ náà rẹ́, kí ẹ sì gbé Windows 10 kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo fáìlì àti àpù yín gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ nítorí ibi tí bọ́tìnnì kan wà. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Personalization, lẹ́yìn náà Taskbar, lẹ́yìn náà Taskbar behaviors. Níbi tí wọ́n kọ Taskbar alignment sí, ẹ yàn Left, Start yóò sì padà sí igun apá òsì tí ojú yín ti mọ̀ ọ́n sí.