Nọ́ọ̀sì tú àṣírí IVF mi fún ìyá ọkọ mi: ṣé òfin lè gbèjà mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Ọlọ́run fi ìbejì ta mí lọ́rẹ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí èmi àti ọkọ mi ṣe IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti ń so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó. Ẹyin obìnrin mìíràn ni wọ́n lò fún wa, àwa méjèèjì nìkan la sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, tí òun àti ìyá ọkọ mi jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló lọ sọ fún màmá. Màmá sì ti ń sọ fáwọn àbúrò ọkọ mi pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo lọ fẹjọ́ sùn, ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ọkọ mi ló sanwó, pé ẹbí ọkọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀. Mo tún wá rí àwòrán àwọn ọmọ mi lórí Instagram wọn, wọ́n fi ń polówó. Wọ́n ní mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kí ni mo lè ṣe? Ṣé kí n sì yọ áàpù tí mo fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù mi kúrò lórí fóònù?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ “ọkọ ló sanwó” yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló bí mi nínú jù. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, tọdún 2014, sọ ní abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera ẹni àti ìtọ́jú tó gbà, títí kan pé ó dé ilé ìwòsàn rárá. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta àfi tí ẹni náà bá yọ̀ǹda lórí ìwé, tí kóòtù tàbí òfin mìíràn bá pàṣẹ ẹ̀, tàbí tí fífi í pa mọ́ bá lè ṣe ìlera ará ìlú ní jàǹbá. Ọmọdé àti ẹni tí kò lè yọ̀ǹda fúnra ẹ̀ ní ètò tiwọn. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ọkọ níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìyá ọkọ. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ ni pé ẹ jọ gba ìtọ́jú náà ni. Àyẹ̀wò àtọ̀ tiẹ̀ náà, àṣírí tiẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ò sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá ìyá tiyín.

Nọ́ọ̀sì náà lè ní òun ò mú fáìlì jáde, pé ẹnu lásán lòun fi sọ ọ́. Òfin yìí ò ya ti ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìwé. Ìbéèrè tí màá fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni pé: iṣẹ́ wo ni nọ́ọ̀sì yẹn ń ṣe níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ló wà, báwo ló ṣe mọ ẹyin tí wọ́n lò? Abala 29 fi dandan lé ọ̀gá ilé ìwòsàn láti ṣètò tí ẹni tí kò kàn ò fi ní rí àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ọ̀gá tí kò ṣe é, tàbí òṣìṣẹ́ tó yọ́ wọ àkọsílẹ̀ láìgbàṣẹ, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ó lè san N250,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Owó yẹn ò tó nǹkan mọ́ lóde òní, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ṣì ni ẹ̀wọ̀n.

Ní ti àwòrán, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ máa dì mú. Dátà tí wọ́n ń sọ níbí ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán tó jẹ́ ti ẹni, kì í ṣe ti fóònù. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ẹni mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ìṣọ́ra tó ju ti yòókù lọ. Mo mọ irú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sọ. Ìlà kan ṣoṣo ló máa ń jẹ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́, láàárín ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ amúnisùn àti ọ̀rọ̀ owó, pé “a lè lo àwòrán yín”. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé èèyàn wọ tíátà ni wọ́n máa ń na bírò sí i. Abala 26 òfin yìí sọ pé ẹni tó gba dátà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé olóhun yọ̀ǹda lóòótọ́. Pé èèyàn dákẹ́ ò túmọ̀ sí pé ó gbà. Ká tiẹ̀ ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i, abala 35 fún yín láyè láti yí ọ̀rọ̀ yín padà nígbàkigbà. Kò ní pa tàná rẹ́, ṣùgbọ́n látọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ó tó, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fa ìyọ̀ǹda yín lórí àwòrán padà. Ẹ béèrè ẹ̀dà fáìlì yín àti orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ tó ṣí i. (Ẹ má retí orúkọ obìnrin tó fi ẹyin sílẹ̀ nínú ẹ̀ o, òun náà ní àṣírí tiẹ̀.) Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí abala 40 fún wọn ní wákàtí 72 látìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé irú àṣírí tó lè pa èèyàn lára bẹ́ẹ̀ ti jò, láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà, NDPC, létí. Wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò gbọ́. Kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ ṣe screenshot ojú ìwé Instagram náà, kí ọjọ́ àti orúkọ wọn hàn, nítorí wọ́n á pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó délé.

Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fẹjọ́ sùn ní NDPC. Ó lè bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì lè pàṣẹ kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún yín. Ẹ lè kọ̀wé sí àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ náà. Ìyẹn máa ń já àwọn òṣìṣẹ́ láyà ju kóòtù lọ.

Kóòtù ńkọ́? Ẹjọ́ wà. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ sì sọ ní 2021 pé ìdáàbòbò dátà ẹni wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ò ní gbèdéke àkókò, nítorí náà kò sóhun tó ń lé yín. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé tẹ́ ẹ bá pẹjọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́ máa wà nínú ìwé ẹjọ́ tí akọ̀ròyìn lè kà. Ẹ sọ fún lọ́yà yín, níbẹ̀rẹ̀, pé kó béèrè kí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yín nìkan pe ẹjọ́ náà, kí adájọ́ sì gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Abala 36 fún kóòtù láyè láti lé èrò jáde nítorí àṣírí àwọn tó ń jẹ́jọ́ àti nítorí ire ọmọdé. Ẹ má sì gbé nọ́ọ̀sì náà sí Facebook, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ̀yin lẹ máa wá bá wọn tan ọ̀rọ̀ náà ká.

Ní ti màmá, n ò ní tàn yín: òfin wọ̀nyí mú ilé ìwòsàn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ inú ẹbí. Ọkọ yín ni kó lọ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, òun nìkan, láìsí ẹ̀yin níbẹ̀.

Ó ku ti áàpù. Ìfura yín tọ́. Ní 2021, iléeṣẹ́ tó ni Flo, áàpù tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù, bá FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn lórí ẹ̀sùn pé ó ṣèlérí àṣírí fáwọn obìnrin, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sí Facebook àti Google. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù, ohun tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ wọ ibi ètò inú áàpù náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pa àkáǹtì àti àkọsílẹ̀ yín rẹ́. Tí wọ́n bá ti fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ó ti parí, ẹ wá yọ ọ́.