Ọmọ mi ní kí n bá àwọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́: kí ni kí n mọ̀ kí n tó gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gwarinpa, l'Ábújá níbí, ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní Toronto. Òun àti obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì jọ ń tọ́ ọmọ méjì, ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje láti Miami lọ sí Bahamas, èyí tí wọ́n ṣètò fún irú ìdílé tiwọn. Wọ́n ní kí n wá, àwọn á sanwó. Ọdún keje rèé tí mo ti fojú kan ọmọ mi. Orí fóònù nìkan ni mo ti mọ àwọn ọmọ ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Àgbà.

ÌDÁHÙN: Mà, ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú yín rí wọn. Iṣẹ́ ìwé ìrìnnà ni mò ń ṣe ní Wuse níbí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: èbúté wo ni ọkọ̀ náà máa yà?

Inú ọkọ̀ kọ́ ni ìṣòro wà. Ó ti pẹ́ tí irú ìrìnàjò yìí ti wà. Ní oṣù keje ọdún 2004, R Family Vacations, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìnàjò fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, tí Rosie O'Donnell, òṣèré ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kó àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn láti New York nínú ọkọ̀ Norwegian Dawn. Nígbà tí wọ́n dé Nassau, ní Bahamas, àwọn tó ń fi ẹ̀hónú hàn ni wọ́n bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1991 ni òfin Bahamas kò ti ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ní 1998, Cayman Islands, erékùṣù ní Caribbean, kọ̀ kí ọkọ̀ irú èrò bẹ́ẹ̀ kan gúnlẹ̀ rárá. Ní 2012, wọ́n mú ọkùnrin méjì ará Amẹ́ríkà láti inú ọkọ̀ ní Dominica, erékùṣù mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ilé ẹjọ́ ti wọ́gi lé òfin Dominica tó ka irú ìbálòpọ̀ yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ní 2024, ṣùgbọ́n ti Jamaica ṣì wà níbẹ̀.

Físà ló wá le jù, mà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Láti oṣù keje 2025, ẹ̀ẹ̀kan péré ni físà ìbẹ̀wò Amẹ́ríkà tuntun ń jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọlé, láàárín oṣù mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bá kúrò ní Miami, tó dé Bahamas, tó tún padà sí Miami, ìwọlé kejì nìyẹn. Láti January 1, 2026 ni wọ́n tún ti dá fífún wa ní físà ìbẹ̀wò dúró. Àfi tí ẹ bá ti ní èyí tó ṣì lágbára lọ́wọ́, tó sì jẹ́ aláwọlé-léraléra, ti Miami yìí kò lè bọ́ sí i. Ó lè má tilẹ̀ wá sí ọkàn ọmọ yín, nítorí ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù Canada kì í gba físà kó tó ṣèbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ọkọ̀ tó ń gbéra láti Barcelona, tó ń ya èbúté France àti Italy, tó sì ń padà síbẹ̀. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Europe jọ ń lò, kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá máa ya Turkey tàbí Tunisia lágbedeméjì, ti aláwọlé-léraléra ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á ní kí ẹ ra ìbánigbófò ìlera, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí 30,000 owó euro. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè ẹni tó ń sanwó, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín bó ṣe rí. Irọ́ kékeré lórí fọ́ọ̀mù ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ti òfin ilé, ní Nàìjíríà níbí, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá wọnú ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ó ní 10 fún ẹni tó bá jẹ́rìí sí i, tàbí tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ wọn. Mo kà á, n kò rí ibi tó ti dárúkọ ìyá àgbà tó bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ ṣe ìsinmi. Síbẹ̀, èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ fi han ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni fọ́tò. Ẹ má gbé e sórí Facebook, ẹ má fi í sí WhatsApp níbi tí ará àdúgbò ti máa rí i. Ọmọ yín lè fẹ́ wá sílé lọ́jọ́ kan, fọ́tò yẹn sì lè ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Kí ọmọ yín mú ìwé ìbí àwọn ọmọ dání. Tó bá jẹ́ orúkọ ìyá kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kí ìyá tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún ìyá kejì, kó sì kọ tiyín náà, torí ẹ̀yin lè fẹ́ mú wọn sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Tó bá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, ẹ gbéra l'Ábújá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kùrukùru máa ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ ní kó fi orúkọ ọkọ̀ àti gbogbo èbúté rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kó tó san kọ́bọ̀. Owó àsansílẹ̀ kì í sábà padà tí físà kò bá jáde.