Ẹ Má Ṣe Lọ sí Brugge Kí Ẹ Padà Lọ́jọ́ Kan Náà

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ohun tí ẹ béèrè ni pé ẹ̀yin àti ìyàwó yín, tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Sátidé àti Sunday kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ṣeré, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì tí í gbéra ní ìdájí, tí í sì dá èrò padà lóru ọjọ́ náà, tó fún ẹni tó fẹ́ rí ìlú Brugge ní Bẹ́ljíọ̀mù. Mo ti lọ síbẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì: mo ti lọ kí n padà lọ́jọ́ kan náà, mo sì ti sùn mọ́jú níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn kò tó. Bí ẹ kò bá ní lè sùn mọ́jú níbẹ̀, ó sàn kí ẹ fi owó náà pamọ́ títí ààyè yóò fi yọ.

Nígbà àkọ́kọ́, owó ni mo ń ṣọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni a ti wà lójú títì tí a ń retí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kan tó ṣèlérí pé a óò lo ọjọ́ gbáko ní Brugge. Wọn kò sọ fún wa pé ojú ọ̀nà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà yóò ti tán. Ní Dover, níbi tí àwọn ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ìwé wò kí èèyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tí èmi àti ìyàwó mi mú dání ló jẹ́ kí wọ́n pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n yẹ físà wa wò síwá sẹ́yìn, àwọn èrò bọ́ọ̀sì sì jókòó tí wọ́n ń wò wá bí ẹni pé a jẹ wọ́n lówó. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ni wọ́n sì fún wa. A lo wákàtí kan lórí ìlà níwájú ilé ìṣọ́ agogo láìwọlé, a dúró de ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé àlejò yí ìlú ká fún ogójì ìṣẹ́jú, a jẹun ní gbàgede ọjà níbi tí oúnjẹ ti wọ́n bí ojú, nígbà tí a sì ní kí a wáá rìn yí ìlú ká, awakọ̀ ti ń pè wá. Nínú àwòrán tí mo yà lọ́jọ́ náà, orí àwọn àlejò bíi tèmi pọ̀ ju ilé lọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìlú náà kò tóbi. Àárín rẹ̀ àtijọ́, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2000, kò le fún ẹni tó lẹ́sẹ̀ láti rìn já. Àwọn tó ti Brussels wá, àwọn tí ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ já sí Zeebrugge, èbúté ìlú náà, àti àwa tí bọ́ọ̀sì kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ojú títì tóóró kan náà ni gbogbo wa ń fún ara wa pọ̀ sí láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó sì pani lẹ́rìn-ín pé àìrówó ló dá ẹwà ìlú náà sí. Ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Zwin ni àwọn oníṣòwò ń gbà wọlé láti òkun láyé ọjọ́un. Nígbà tí iyanrìn dí i díẹ̀díẹ̀, tó sì fi di nǹkan bí ọdún 1500, òwò ti ń ṣí lọ sí Antwerp, Brugge sì di ìlú tí kò rí owó wó ilé àtijọ́ kó lè kọ́ tuntun.

Nígbà kejì, lẹ́yìn ọdún méjì, ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀. Láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù dé ibùdókọ̀ Brussels-Midi, nǹkan bí wákàtí méjì ni. St Pancras náà ni wọ́n ti yẹ ìwé wa wò, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a sọ̀ ní Brussels, kò sí ẹni tó tún bi wá léèrè ohunkóhun. Ọkọ̀ mìíràn gbé wa dé Brugge ní nǹkan bí wákàtí kan. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni láti ibùdókọ̀ dé gbàgede Markt, ṣùgbọ́n ẹ má fa àpótí onítáyà o, nítorí òkúta ni wọ́n tò sí ojú títì, ariwo rẹ̀ yóò sì dójú tì yín kí táyà náà tó yọ. Ẹ gba ọ̀nà adágún omi Minnewater, kí ẹ sì yà sí Begijnhof, agbo ilé funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1245 fún àwọn obìnrin tó fẹ́ máa gbé ìgbé ayé àdúrà láìjẹ́ ẹ̀jẹ́ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ sùn. Nígbà tí aago méje fi máa lù, ìlú ti dá bí ọjà tó tú. Ní Rozenhoedkaai, igun omi tí èèyàn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ lànà lọ́sàn-án kó tó lè ya àwòrán, àwa méjì àti ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ ni a wà níbẹ̀. Omi pa rọ́rọ́, ilé ìṣọ́ agogo dojú dé sínú rẹ̀, a sì dúró títí òtútù fi lé wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń já búrẹ́dì nìkan ló wà níta, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn tí ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn dùn mọ́ mi: wọ́n ní nígbà tí àwọn ará Brugge bẹ́ Pieter Lanchals, ìjòyè Maximilian tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà, lórí ní 1488, Maximilian pàṣẹ pé kí ìlú náà máa bọ́ ọlọ́rùn gígùn títí láé, nítorí orúkọ ọkùnrin náà jọ "ọrùn gígùn" ní èdè wọn.

Ẹ má lépa ohun gbogbo. Ilé ìṣọ́ agogo ga tó mítà 83, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 366, ó sì ń fún sí i bí ẹ ṣe ń gòkè. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ìyàwó mi jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú kọfí, ó ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àtẹ̀gùn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ lè sanwó fún, èmi yóò yan Sint-Janshospitaal, ilé ìwòsàn àtijọ́ tí àwọn àwòrán Hans Memling, ayàwòrán ayé àtijọ́, ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Ṣọ́ọ̀ṣì Onze-Lieve-Vrouwekerk wà ní òdì kejì títì, níbi tí ère Màríà àti Ọmọ tí Michelangelo gbẹ́ wà; Faransé kó o lọ ní 1794, Jámánì tún kó o lọ ní 1944, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì padà wálé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń yí ìlú ká kì í lò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń tọ̀ láti èbúté márààrún, nítorí náà ẹ wọ èyí tí ìlà rẹ̀ kúrú jù lọ, ní kété tí wọ́n bá ṣí láàárọ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ léèsì. Ìyàwó mi ti gbọ́ pé ìlú léèsì ni Brugge, ó sì ti ń ṣírò iye yáàdì tí yóò rà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún tiyín. Léèsì òde ìnáwó wa, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ti Austria wá láti bí ọdún 1960 sókè, ẹ̀rọ ló ń ṣe ọnà sára rẹ̀. Ti Brugge kì í ṣe aṣọ àránsọ rárá: òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ká mọ́ àwọn igi kéékèèké, tí wọ́n fi ń hun ún lórí tìmùtìmù tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ mọ́, èyí tó sì tó àtẹ́lẹwọ́ lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ní Kantcentrum, ilé tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ léèsì han àlejò, ní títì Balstraat, a dúró ti àwọn ìyá àgbà tó ń ṣe é lọ́sàn-án. Ìró igi wọn ń dún bí ọmọ ayò. Púpọ̀ nínú èyí tó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹyọ kan ni ìyàwó mi rà, kò tó fi nu ojú, inú férémù ló sì wà ní pálọ̀ wa báyìí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ rìn títì méjì tàbí mẹ́ta kúrò ní Markt kí ẹ tó jókòó. Omi inú ilé oúnjẹ, wọ́n ń tà á ni, ẹ sì ní ṣéńjì lọ́wọ́ fún ilé ìyàgbẹ́.

Ó ku físà. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ẹ̀yin náà ń lò, àṣẹ ìgbélùú tí ẹ ní ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú yín wọ Bẹ́ljíọ̀mù. Físà Schengen, èyí tí Bẹ́ljíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà, ẹ sì lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó jáde kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Tíkẹ́ẹ̀tì ni èmi kọ́kọ́ rà nígbà kejì yẹn, físà wá jáde nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a gbéra, n kò sì sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì.